Máṣíìnì Aránṣọ Kò Jẹ́ Kí N Sinmi

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń dúró dè mí níwájú mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yín ti ń sú mi. Ìbéèrè kan náà ni ní gbogbo ìgbà: "Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ rò pé ó dáa ká kọ́?" Kí n tó lanu dáhùn, ẹ ó ti bi mí pé èló ló ń wọlé nídìí ẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú yín tó bi mí rí pé, "Bàbá, iṣẹ́ yìí, ṣé ó máa ń jẹ́ kéèyàn sùn?" Kò sí ẹni tó bi mí pé bí ẹni tó ń ṣe é bá ní òun fẹ́ lọ sinmi, ṣé àwọn èèyàn á jẹ́ kó lọ. Ohun tí ẹ ò bi mí yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ẹ jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ máa tẹ fóònù, kó gba ilé ẹ̀ lọ.

Èmi ni Ráṣídì. Iṣẹ́ títún máṣíìnì aránṣọ ṣe ni mo ṣe láti kékeré títí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí bàìbàì. Ìdí Arẹrẹ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi a máa fọwọ́ ṣe iṣẹ́ ọnà sọ́rùn agbádá. Nígbà tí máṣíìnì dé, tó ń fi ìyálẹ̀ta kan ṣe iṣẹ́ tí bàbá mi ń fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe, bàbá mi wo ọ̀rọ̀ náà títí, ó wá pè mí. Ó ní, "Ráṣídì, ohun tó gba oúnjẹ lẹ́nu mi yìí, lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Kò sí ohun tí kì í bàjẹ́." Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Lámídì ní Bẹẹrẹ nìyẹn. Ti owó ìkọ́ṣẹ́, àti iye tí mo ń pa nígbà tí mo di ọ̀gá ara mi, mi ò ní í sọ. Ó bọ́ wa, ó rán àwọn ọmọ nílé ìwé, ó tán.

Ọ̀gá Lámídì, èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, gíláàsì ojú ẹ̀ ti ṣẹ́ lápá kan, òwú ló fi so ó mọ́ etí. Kì í pariwo, kì í nani. Ìyà tiẹ̀ yàtọ̀. Fún ọ̀pọ̀ oṣù àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan. Á ní kí n dijú kí n jókòó ti máṣíìnì, òun á tú nǹkan kékeré kan nínú ẹ̀, á wá yí i. "Kí ló ń ṣe é?" Bí mo bá gbà á tì, màá gbé orí máṣíìnì náà, irin gidi, màá gbé e ka orí ara mi, màá dúró lójú títì kí gbogbo ará Bẹẹrẹ máa wò mí. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ti Mápó sọ̀ kalẹ̀ á máa bi mí pé ṣé mo fẹ́ tà á ni. Ọrùn mi ló kọ́ etí mi lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó yá, bí máṣíìnì bá ń ránṣọ ní ojúlé kejì, màá mọ èyí tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ ti tẹ̀ nínú wọn.

Lọ́jọ́ kan mo tú máṣíìnì kan palẹ̀, mo nu ún, mo tò ó padà. Ó ń rán bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ sórí ewé. Àmọ́ ìdè irin kékeré kan, tí ẹ̀yin ń pè ní nọ́ọ̀tì, ṣẹ́kù nínú àwo. Mo fi han ọ̀gá, mo ní, "Ọ̀gá, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa láìsí i." Ó mú ìdè náà, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó bí ẹni ń wo ọmọ òrukàn. Ó ní, "Àwọn tó ṣe é, ṣé wọn ò rí ibòmíì jù ú sí ni wọ́n fi fi í sínú ibẹ̀?" Mo tún máṣíìnì náà tú. Nígbà tí mo tò ó tán, ó ní kí n tún un tú, kí ọwọ́ mi lè mọ ọ̀nà. Mi ò jẹun títí Ìṣáà. Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, mo ṣẹ́ ọ̀gá mi lépè nínú.

Ohun kan ṣoṣo tí Ọ̀gá Lámídì kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. Ẹ ṣáà mọ̀ pé bí Iléyá bá ku ọ̀la ni gbogbo máṣíìnì ìlú máa ń rántí pé ó rẹ àwọn. Ìgbà tí àwọn ẹlòmíì ń múra ọdún, àwa là ń forí wọlẹ̀. Kódà lọ́jọ́ ọdún gan-an, bí a ti kirun yídì tán, ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀gá gbà lọ pẹ̀lú aṣọ ọdún lọ́rùn, nítorí máṣíìnì aránṣọ kan bàjẹ́, ó ti já oníbàárà kulẹ̀, ó fẹ́ rí aṣọ náà rán kó tó di alẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ láti ilé pé àgbò ń dúró. Ọ̀gá ní, "Kó máa dúró." Wọ́n tún ránṣẹ́. Ó ní, "Ẹ pa á." Èmi tí òórùn ẹran sísun ti gbogbo agboolé ń pa, mo ní, "Ọ̀gá, ọdún mà ni." Ó wò mí látorí gíláàsì. "Ráṣídì, ọdún, ti àwọn tó ń wọṣọ ni. Àwa là ń jẹ́ kí wọ́n rí i wọ̀. Mú epo wá." Nígbà yẹn, mo rò pé ọgbọ́n ló ń sọ. Mo tiẹ̀ máa ń fi yangàn láàárín ẹgbẹ́ mi. Kí Ọlọ́run má fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ yín.

Nígbà tí mo gbòmìnira, mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní ìsàlẹ̀ Ọjà'ba, kò sì pẹ́ tí mo fẹ́ Ìyá Rúkáyà, ìyàwó mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì wa, àwọn ààfáà ṣì ń ṣàdúà lọ́wọ́ ni ẹnì kan fà mí láṣọ lẹ́yìn. Aránṣọ kan ni láti Ìdí Arẹrẹ. Ó ní máṣíìnì òun ń já òwú. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó ni mò ń gbé yìí." Ó ní, "Mo rí i, kò ní í pẹ́." Mo bá a lọ. Mo padà dé, epo wà lára fìlà ìgbéyàwó mi, ìyàwó tuntun sì jókòó láàárín àwọn ẹbí ẹ̀, wọ́n ń fi àánú wò ó. Ó rọra sọ sí mi létí pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa ṣe é?" Mo ní rárá o. Irọ́ ni.

Lẹ́yìn tí a bí Rúkáyà, àkọ́bí wa, ni ohun tó yẹ kó là mí lójú ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá Lámídì ti dàgbà, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti mú un. Dókítà ní àfi kó lọ sinmi. Àwọn ọmọ ẹ̀ kóra jọ, wọ́n ní kó lọ lo oṣù kan lọ́dọ̀ àbúrò ẹ̀ obìnrin ní Ìlọrin. Èmi ni mo bá wọn gbé ẹrù ẹ̀ dé gáréèjì. Bí ọkọ̀ ṣe fẹ́ gbéra, ó yọrí lójú fèrèsé.

"Ráṣídì, máṣíìnì tó wà lórí tábìlì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ lọ sinmi."

Ó ní, "Ṣebí mo ti jókòó nínú ọkọ̀. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?"

Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan tí télọ̀ kan ní ìsàlẹ̀ Mápó fi háyà mọ́tò, ó lọ bá a ní Ìlọrin. Télọ̀ yìí ló ń rán aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé, máṣíìnì ńlá ẹ̀ kọṣẹ́. Mo ti sọ fún un pé mo lè tún un ṣe. Ó ní òun ò fẹ́ ọmọ, bàbá lòun ń fẹ́. Àbúrò ọ̀gá ló ròyìn fún mi lẹ́yìn náà pé orí ẹní ni ẹ̀gbọ́n òun wà lábẹ́ igi, ó ń mu fùrá, ojú ẹ̀ ti ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe rí télọ̀ náà, ó fò dìde bí ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n fún. Àbúrò ẹ̀ ní, "Bùọ̀dá mi, oṣù ò tíì pé o!" Ó ní, "Wọ́n ń wá mi nílé." Kò mu fùrá náà tán.

Wọ́n dé Bẹẹrẹ nínú oòrùn gangan. Kò yà sílé, kò mumi, ó jókòó ti máṣíìnì ńlá tí télọ̀ náà ti gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù. Èmi tí wọ́n ránṣẹ́ pè dúró tì í. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó fetí sí i, ó sì gbójú sókè láti bá mi sọ̀rọ̀. Ẹnu ẹ̀ wọ́ sápá kan. Ó dà bíi pé ó ń fojú yẹ̀yẹ́ wò mí, bẹ́ẹ̀ kò fini ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ẹ̀rín tilẹ̀ fẹ́ pa mí. Àfi bí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ṣe já bọ́ lára máṣíìnì, tí òun fúnra ẹ̀ tẹ̀ lé e. Èmi àti àwọn ará ṣọ́ọ̀bù gbé e, ọ̀gá mi, ó fúyẹ́ bí àpò òwú. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí télọ̀ yẹn sọ bí a ṣe ń gbé e sínú ọkọ̀? Ó ní, "Ráṣídì, ṣé ó ti sọ ohun tó ń ṣe máṣíìnì náà fún ọ?" Ọlọ́run ló yọ ọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀gá Lámídì kò kú nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún yẹn kò padà. Ó lo ìyókù ayé ẹ̀ lórí àga níwájú ṣọ́ọ̀bù, á fi ọwọ́ òsì gbá ọ̀tún mú lórí ẹsẹ̀. Bí máṣíìnì bá dún lódìkejì títì, èjìká ọ̀tún ẹ̀ á mì díẹ̀, ọwọ́ ò ní í tẹ̀ lé e. Ìgbàkígbà tí mo bá lọ kí i, mi ò lè wo èjìká yẹn.

Mo padà sílé, mo sọ fún Ìyá Rúkáyà pé èmi ò ní í kú sídìí irin. Lọ́dọọdún, a ó ti ṣọ́ọ̀bù pa fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́dún àkọ́kọ́, ìlú wọn ní Ìṣẹ́yìn la lọ. Ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí mo wà, ayé dáa. Àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó pé ìlàjì, mo ti tún gbogbo máṣíìnì tó wà nínú agboolé àna mi ṣe, mo ti bọ́ sí agboolé kejì. Ìyàwó mi wá bá mi níbẹ̀. "Bàbá Rúkáyà, ṣé ìsinmi tí a wá ṣe rèé?" Mo ní, "Mò ń sinmi. Ṣé o rí i pé mò ń gbowó ni?" Ó yí padà, ó lọ.

Síbẹ̀, ìgbà yẹn sàn. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé ni ilé ayé mi bàjẹ́ pátápátá. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ń wá mi, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló máa fi rìn, á rí kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà, á bú mi díẹ̀, á lọ. Ní báyìí, inú àpò mi ni wọ́n ń gbé. Máṣíìnì náà yí padà. Onírin tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lọ, oníná dé. Oníná ò tíì pẹ́ tí èyí tó ń ya òdòdó sára aṣọ fúnra ẹ̀ fi dé, kọ̀ǹpútà wà nínú ẹ̀. Etí tí Ọ̀gá Lámídì fi irin kọ́ kò wúlò fún ìyẹn. Bó bá ṣàìsàn, nọ́ńbà ló ń kọ sójú. Ẹ̀yin náà ẹ wo ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́! Kàmọ́rù tí mo kọ́ níṣẹ́ ni mo wá ń bi pé kí ni nọ́ńbà yìí ń wí. Mo kọ́ ọ, mi ò sọ pé mi ò kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn aránṣọ tí máṣíìnì wọn ń ké gbà pé kò sí ìdí láti gbé e wá mọ́. Wọ́n á gbé fóònù sí i lẹ́nu. "Bàbá, ẹ fetí sí i." Mo wà níbi sàráà ọjọ́ kẹjọ bàbá ìyàwó mi, ààfáà ń wàásù ikú lọ́wọ́, kẹ̀kẹ̀kẹ̀ máṣíìnì ẹnì kan ló ń dún létí mi nínú fóònù!

Alhaja Sàídá ti Bẹyẹrúnká ló burú jù nínú wọn. Aránṣọ tó mọṣẹ́ ni, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn, oníbàárà ẹ̀ ń ti Gbági wá. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn kò gbà pé èmi náà ní ara. Bó bá pè tí mi ò gbé e, á pe ìyàwó mi. Bí ìyàwó mi ò gbé e, á pe Rúkáyà níbi tó ti ń kọ́ ọmọ nílé ìwé ní Òkè Bọ́lá. Á ní, "Bàbá, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ta ni?" Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí. Òun ló ń pa wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá sọ fún yín pé bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, kò sí ẹlòmíì, ẹ yẹra fún un.

Ìgbà tó yá, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, ojú ò ríhò abẹ́rẹ́ mọ́. Mo fi ṣọ́ọ̀bù lé Kàmọ́rù lọ́wọ́, mo ní mo ti fẹ̀yìn tì. Ta ló gbà? Wọ́n ń bá mi délé. Títí mo fi lọ sọ́sípítù, tí dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ mi. Ó wá ní, "Bàbá, àfi kí ẹ lọ sinmi." Gbólóhùn tí wọ́n sọ fún ọ̀gá mi gan-an nìyẹn. Rúkáyà tó tẹ̀ lé mi lọ bú sẹ́kún nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń bọ̀ wálé. Nígbà tí wọ́n gba họ́lídè, ó ní òun á mú èmi àti ìyá ẹ̀ lọ sí Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn jáde lára ilẹ̀ kan náà. Mo ní Kàmọ́rù ń kọ́? Ó ní, "Bàbá mi, Kàmọ́rù ti lọ́mọ."

A dé Ìkògòsì lọ́sàn-án. Òkè àti igi ló yí ibẹ̀ ká, atẹ́gùn tútù ń fẹ́. Ìyá Rúkáyà ń wo gbogbo ẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn. A wọ yàrá tí wọ́n fún wa. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbójú sókè, mo rí kọ́tìnnì. Mo sún mọ́ ọn. Mo fọwọ́ tọ ojú ìrán ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Mo ní, "Máṣíìnì tó rán èyí ń fo. Ẹ wo ibí. Ó rán, ó fo, ó rán, ó fo. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ àti ohun tó ń bá a mú òwú nísàlẹ̀ kò bára mu mọ́."

Ọmọkùnrin tó gbé ẹrù wa wọlé ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mo ní, "Ta ló rán an? Ṣé ìtòsí ibí ló wà?"

Rúkáyà ní, "Bàbá mi!" Ìyá ẹ̀ kàn jókòó, ó ń tú gèlè ẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní ká jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi omi. A ò tíì rìn jìnnà tí fóònù dún. Alhaja Sàídá ni. Mo dọ́gbọ́n dúró lẹ́yìn, mo yà sẹ́yìn igi ńlá kan.

"Bàbá, mo ti kú. Aṣọ ìyàwó ni, ọ̀la ni yìgì. Máṣíìnì ti gan, kò yí."

Mo ní, "Ṣé ẹ ti tú ìsàlẹ̀ ẹ̀?"

"Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń tú, Bàbá. Níbo lẹ wà, kí n wá gbé yín?"

Ẹ gbọ́ o. Kó wá gbé mi! Láti Bẹyẹrúnká dé Ìkògòsì! Inú bí mi, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu mi ń ṣàlàyé fún un lọ. Mo ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń fi igi kékeré ya inú máṣíìnì sínú iyanrìn kí n lè rí i kedere, mò ń sọ pé ẹ yí èyí sọ́tùn-ún, ẹ má fipá yí i. Nígbà tí mo gbójú sókè, Ìyá Rúkáyà ló dúró níwájú mi.

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn.

Ó ní, "Bàbá Rúkáyà, láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ yín, mi ò rí i kí ẹ wo nǹkan kan dáadáa àfi tó bá ti bàjẹ́. Ohun tí kò bàjẹ́, ẹ kì í rí i. Èmi ò bàjẹ́. Àìsàn ò ṣe mí, mi ò bá yín jà, mi ò já òwú. Ìyẹn ni ẹ ò fi rí mi." Ó tọ́ka sí ilẹ̀ tí mo yàwòrán sí. "Wọ́n gbé ọ̀gá yín wá láti Ìlọrin, a jọ sunkún ẹ̀ ni. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n wá gbé ẹ̀yin náà, ẹ júwe ọ̀nà fún wọn. Èmi ń lọ síbi omi."

Ó lọ. Alhaja Sàídá ń ké nínú fóònù, "Bàbá, ṣé ẹ wà níbẹ̀?" Èjìká Ọ̀gá Lámídì ni mò ń wò lójú mi, bó ṣe ń mì tí ọwọ́ ò tẹ̀ lé e. Orúnkún ń ro mí lórí ilẹ̀ yẹn. Mo wo fóònù náà, mo tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, mo dì í mú bẹ́ẹ̀ títí ojú ẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, ó dáa, ẹ ó dàgbà.

Mo bá wọn nísàlẹ̀. Rúkáyà ti lọ ya fọ́tò lápá ibòmíì. Ìyá ẹ̀ jókòó sórí òkúta, ó ti ká ìró ẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì wà nínú omi, ó sì ń kọrin. Orin náà, mi ò gbọ́ ọ rí. Ohùn ẹ̀ fúyẹ́ bíi ti ọmọge. Ó rí mi, kò dákẹ́, ó kàn sún díẹ̀ lórí òkúta. Mo bọ́ bàtà, mo jókòó. Lápá kan omi gbóná, lápá kejì ó tutù, wọ́n pàdé, wọ́n ń ṣàn lọ pọ̀. Mò ń wò ó, mò ń wo bó ṣe ń ti ihò jáde, mo tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí n lè rí ìdí ẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Rúkáyà, kò bàjẹ́."

Mo fà sẹ́yìn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìsinmi rọrùn. Iṣẹ́ ni. Ọwọ́ ń yún mi, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí. Mo gbé e lé orúnkún, mo gbé e lé òkúta. Ó ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan ń pè mí láti ẹ̀yìn. Mo ro aṣọ ìyàwó, mo ro ọmọ tí kò ní í rí aṣọ wọ̀ lọ́jọ́ yìgì ẹ̀, ẹbí ọkọ níbẹ̀, ẹbí ìyàwó níbẹ̀, gbogbo wọn á máa bú mi. Mo fẹ́ dìde, mi ò dìde. Ìyá Rúkáyà ń kọrin lọ. Ìgbà tó ṣe, mi ò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, oorun gbé mi lọ lójú ọ̀sán, èmi tí mi ò sùn lọ́sàn-án rí láyé mi àfi tí ara mi ò bá yá. Nígbà tí mo jí, orí mi wà lórí báàgì ìyàwó mi, ìborùn ẹ̀ wà lára mi, oòrùn ti ń lọ sápá kejì. Ìrun Àsárì ti fẹ́ẹ̀ kọjá. Mo ṣe àlùwàlá nínú omi gbígbóná yẹn, mo kirun lórí koríko. Ara mi fúyẹ́ débi pé ẹ̀rù bà mí.

Lẹ́yìn ìrun ni ọ̀rọ̀ aṣọ ìyàwó tún dé. Mo sọ fún Ìyá Rúkáyà pé kó jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré, ọmọ ọlọ́mọ ni. Ó ní, "Ẹ pè é." Mo tan fóònù. Alhaja Sàídá gbé e.

Mo ní, "Alhaja, ẹ má bínú. Ẹ gbé máṣíìnì náà lọ síwájú iná, kí ẹ ṣí ìdí ẹ̀..."

Ó ní, "Háà, Bàbá! Ṣé ẹ̀yin lẹ pè? Ọmọ kan láti Òkè Bọ́lá ti wá tún un ṣe láàárọ̀ yẹn. Mo ti rán aṣọ tán, wọ́n ti wá gbé e. Ọmọ náà mọṣẹ́ o, Bàbá. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

Mo ní àlàáfíà ni. Mo pa fóònù.

Ìyá Rúkáyà ní, "Kí ló ní?"

Mo ní, "Wọ́n ti rí ẹlòmíì."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú jáde lẹ́nu ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú, títí omijé fi ń bọ́ lójú ẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi, mi ò tíì bínú tó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ọdún Iléyá wọ̀nyẹn! Fìlà ìgbéyàwó mi! Ọwọ́ ọ̀tún ọ̀gá mi! Àṣé bí èèyàn ò bá gbé e, wọ́n á wá ẹlòmíì, wọ́n á sì rí i, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú! Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa? Mò ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí koríko yẹn, mò ń pariwo, àwọn tó wá najú ń wò mí. Ìyàwó mi jẹ́ kí n pariwo títí ó fi rẹ̀ mí.

Nígbà tó rẹ̀ mí, mo gbé fóònù náà fún un kó fi sínú báàgì. Mo padà jókòó tì í lórí òkúta, mo ki ẹsẹ̀ bọ omi.

Mo ní, "Orin tí ò ń kọ lẹ́ẹ̀kan, orin wo ni?"

Ó yíjú wò mí láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni mò ń béèrè.

Ó ní, "Ó gùn o, Bàbá Rúkáyà. Ẹ jókòó dáadáa."